Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n ní ASPAMDA

Aago mẹ́wàá àárọ̀ lù nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọ ọjà Trade Fair ní Èkó. Brain box airbag, àpótí tó ń pàṣẹ fún airbag láti tú, la wá rà sí ọkọ̀ wọn.

"Ní 1977 tí wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ ọjà níbí, àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo fi rìn ín yí ká," ni wọ́n wí. Lónìí, ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún kò fì. Níbi tí ọ̀nà ti fún láàárín ṣọ́ọ̀bù méjì ní ASPAMDA, apá tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ẹsẹ̀ wọn lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó tẹ àtè. "Ẹ yàgò o!" ni alábàárù kan ń ké lẹ́yìn wa. Wọn kò lè yà.

Ọmọ Ìgbò tó ni ṣọ́ọ̀bù gbé àga sílẹ̀. "Ẹ jókòó, Bàbá." Bí ọwọ́ ṣe balẹ̀ sórí itan, àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e bẹ̀rẹ̀ sí í ra ara wọn, bí ẹni ń ka owó. Wọ́n na ọwọ́ sí brain box. Gbígbọ̀n dáwọ́ dúró. Láti 1817 ni James Parkinson, dókítà ní London tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àrùn yìí, ti kọ ọ́ pé ìgbà tí ọwọ́ kò bá ṣe nǹkan kan ló ń gbọ̀n.

Láti mọ bí àrùn náà ṣe le tó, dókítà a máa ní kí aláìsàn fi ìka kan ìka lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, á fojú wò ó, á fún un ní máàkì láti 0 dé 4. Ojú dókítà méjì lè má rí nǹkan kan náà.

Ọmọkùnrin náà tú brain box, ó nàka sí nǹkan dúdú kan tí kò tó èékánná. Òun ló ń mọ̀ pé ọkọ̀ ti forí sọ nǹkan. Irú rẹ̀ ló wà nínú fóònù, tó ń mú kí àwòrán yí bí a bá dábùú rẹ̀. Kí n lè ka gbígbọ̀n náà, mo fi rọ́bà de fóònù mi mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ Bàbá, mo ṣí phyphox, áàpù ọ̀fẹ́ tí Yunifásítì RWTH Aachen ní Jámánì ṣe. Ìlà mẹ́ta ń jó lójú fóònù. Ó ka gbígbọ̀n bí ìgbà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti àrùn Parkinson sábà máa ń wà láàárín 4 sí 6.

Mo gbé fóònù sórí tábìlì. Ìlà ṣì ń jó: jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì ni. Ẹ̀rọ mọ gbígbọ̀n, kò mọ ẹni tó ń gbọ̀n. Nítorí náà, LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti ń ṣèwádìí àrùn Parkinson, la ó gbé wọn lọ.

Bàbá ka owó fúnra wọn, ó pé. Wọ́n gbọ́wọ́ lé itan, ìka sì ń ka owó lọ.