Gbígba Nọ́ńbà Wọlé àti Yíyẹ̀ Ẹ́ Wò ní Èdè C: Àpẹẹrẹ Máàkì Ìdánwò

1. Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí ètò kọ̀ǹpútà tí a fi èdè C kọ ṣe ń gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tẹ̀ ẹ́, àti bí ó ṣe yẹ kí ó yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó gbà á. Dennis Ritchie ni ó ṣe èdè C ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1972. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa olùkọ́ àti olùdánwò, nítorí pé inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń kó máàkì sí. Bí ètò bá gba èyí tí kò tọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò jìyà rẹ̀.

2. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé 70 nínú 100 ni akẹ́kọ̀ọ́ kan gbà. Ẹ wo ohun tí ọwọ́ lè tẹ̀:

(1) a. 70
    b. 7O (lẹ́tà O ni ó kẹ́yìn, kì í ṣe òdo)
    d. ko wa
    e. 700

Àṣẹ tí a sábà máa ń kọ́kọ́ kọ́ ni èyí:

(2) scanf("%d", &maaki);

Bí a bá tẹ (1b), scanf yóò mú 7, yóò fi O sílẹ̀, yóò sì jíṣẹ́ pé òun rí nọ́ńbà kan gbà. Báyìí ni 70 ṣe di 7 láìsí ìkìlọ̀ kankan. Bí ó bá jẹ́ (1d), kò ní rí nǹkan kan mú, ohun tí ó wà nínú maaki tẹ́lẹ̀ kò sì ní yí padà. Bí ètò kò bá wo èsì tí scanf mú wá, máàkì ẹni tí ó ṣáájú lè di ti ẹni yìí. Atoi pàápàá kò sàn jù ú lọ: 0 ni yóò fún (1d), bí ẹni pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe ìdánwò tí kò sì mọ nǹkan kan.

3. Ọ̀nà tí ó dára jù

Kí a kọ́kọ́ fi fgets gba odindi ìlà, kí a tó fi strtol wá nọ́ńbà inú rẹ̀:

(3) fgets(ila, sizeof ila, stdin);
    errno = 0;
    n = strtol(ila, &opin, 10);

Lẹ́yìn tí a bá ti rí i dájú pé fgets rí ìlà kà, ìbéèrè mẹ́rin ni ètò gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀:

(i) Ǹjẹ́ nọ́ńbà wà níbẹ̀ rárá? Bí opin bá ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ila, kò sí.
(ii) Ǹjẹ́ nǹkan mìíràn ṣẹ́kù lẹ́yìn nọ́ńbà náà? Àmì ìparí ìlà nìkan ni ó yẹ kí ó kù.
(iii) Ǹjẹ́ nọ́ńbà náà kò pọ̀ jù fún àyè rẹ̀? Bí ó bá pọ̀ jù, errno yóò di ERANGE.
(iv) Ǹjẹ́ ó wà láàárín 0 sí 100?

Ìbéèrè (i) ni yóò mú (1d), (ii) yóò mú (1b), (iv) yóò sì mú (1e). Kí ètò sọ ohun tí ó ṣe àṣìṣe, kí ó sì ní kí a tún un tẹ̀.

Ẹ kíyè sí 10 tí ó parí (3): ìdì mẹ́wàá-mẹ́wàá ni ó ní kí a fi kà. Bí a bá fi 0 síbẹ̀, 010 yóò di 8, nítorí pé òdo iwájú yóò sọ ọ́ di òǹkà onímẹ́jọ-mẹ́jọ. Èyí kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí àwa tí ogún jẹ́ òpó òǹkà wa.

4. Ìkádìí

Bí a bá tẹ 77 dípò 70, ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ní rí i mú. Ètò lè mọ ohun tí kì í ṣe máàkì, ṣùgbọ́n kò lè mọ máàkì tí ó tọ́ sí ẹnì kan. Nítorí náà, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ fi ìwé ìdánwò wé ohun tí a tẹ̀. Kí a tó gba ètò kankan lò, ẹ jẹ́ kí a fi (1a) títí dé (1e) dán an wò. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.