Bí Àdììtú Oṣù Kejìlá Ṣe Di Ti Gbogbo Ayé

Ènìyàn 70 péré ni Eric Wastl ń retí. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, iṣẹ́ kóòdù kíkọ ló sì fi ń jẹun. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, ó to àdììtú 25 jọ, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan títí di ọjọ́ Kérésìmesì, ó ní kí àwọn ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ wá dán ọgbọ́n wọn wò. Ọ̀rọ̀ náà ta sí ẹlòmíì létí, onítọ̀hún náà sọ fún ẹlòmíì. Kí ọjọ́ méjì tó pé, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ti tó 15,000. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti lé ní 50,000. Advent of Code ni orúkọ ètò yìí, ó sì ti ń wáyé lọ́dọọdún láti ìgbà náà.

Àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà àti Kátólíìkì láàárín wa mọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá: àsìkò bíbọ̀ Olúwa, tó ṣáájú Kérésìmesì. Ní Jámánì, àwọn òbí a máa ra kàlẹ́ńdà kan fún ọmọ lásìkò náà. Ilẹ̀kùn kéékèèké ló wà lára rẹ̀, ọmọ á máa ṣí ẹyọ kan lójúmọ́, á bá àwòrán tàbí ṣokoléètì lẹ́yìn rẹ̀. Gerhard Lang, òǹtẹ̀wé kan nílùú Munich, ni wọ́n kà sí ẹni tó kọ́kọ́ tẹ irú kàlẹ́ńdà bẹ́ẹ̀ jáde fún títà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Wastl ní tirẹ̀ fi àdììtú sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Agogo méjìlá òru ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan máa ń ṣí. Nígbà yẹn, agogo mẹ́fà àárọ̀ ti lù ní Èkó àti Kútọnu, agogo márùn-ún ló lù ní Lomé àti London, agogo méjì òru sì ni ní Bahia.

Ìdíje kóòdù ti wà tipẹ́ ṣáájú èyí. Yunifásítì Texas A&M ni èyí tó wá di ICPC ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970: akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, kọ̀ǹpútà kan, wákàtí márùn-ún. Àwọn yunifásítì Nàìjíríà náà ń kópa níbẹ̀. Ní 2001, olùkọ́ ìṣirò kan ní Ìlú Ọba, Colin Hughes, dá Project Euler sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ìṣirò kò bá yé dáadáa kì í pẹ́ níbẹ̀. Ètò Wastl yàtọ̀ nítorí pé ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá. Èdè kọ̀ǹpútà tó bá wu kálukú ló lè lò. Kò sí ẹni tó máa ka kóòdù rẹ; ìdáhùn nìkan ni wọ́n fẹ́ gbà, nọ́ńbà kan tàbí ọ̀rọ̀ kan.

Àdììtú àkọ́kọ́ pátápátá nìyí. Bàbá Kérésì wà nínú ilé alájà púpọ̀, ó ń wá àjà tó ti fẹ́ pín ẹ̀bùn. Ìwé ìtọ́nà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, àmì àkámọ́ ló kún un fọ́fọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀. Àkámọ́ tó ṣí ní kó gòkè àjà kan, àkámọ́ tó padé ní kó sọ̀ kalẹ̀ àjà kan. Ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, òdo ni wọ́n sì ka ìsàlẹ̀ sí. Àjà wo ló máa bá ara rẹ̀ nígbẹ̀yìn?

Ẹni tó ti kọ́ kóòdù fún oṣù kan lè ṣe é. Bí ìdáhùn bá tọ̀nà, ìràwọ̀ kan di tìrẹ, ìgbà yẹn ni apá kejì á ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú: àmì ẹlẹ́ẹ̀kelòó ló kọ́kọ́ mú Bàbá Kérésì wọ abẹ́ ilẹ̀? Ká sọ pé ohun tó wà nínú ìwé ni (())). Á gòkè dé àjà kejì, á sọ̀ padà sí ìkíní, á kan ìsàlẹ̀, àmì karùn-ún á sì mú un wọ abẹ́ ilẹ̀. Ìdáhùn ni 5.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ní apá kìíní, ẹni tó bá gbọ́n lè ka gbogbo àkámọ́ tó ṣí, kó ka gbogbo èyí tó padé, kó yọ ìkejì kúrò nínú ìkíní, ó parí. Ọgbọ́n yẹn kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní apá kejì. Dandan ni kó padà lọ máa tẹ̀lé Bàbá Kérésì lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ kóòdù fún oníbàárà rí mọ ohun tí mò ń wí: o ṣe ohun tó ní kí o ṣe tán, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó dára, àmọ́ ó ku ohun kékeré kan. Ohun kékeré yẹn ló máa fi hàn bóyá ilé tí o kọ́ lè gba yàrá mìíràn mọ́ra. Nínú gbogbo ohun tí Wastl ṣe, apá kejì yìí ni mo fi sípò àkọ́kọ́.

Nílé wa, ẹni tó ń pa àlọ́ àpamọ̀ mọ̀ pé èyí tí gbogbo ọmọ ti mọ̀ kò dùn, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè já kì í sì í jẹ́ kí wọ́n fẹ́ gbọ́ òmíràn. Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yìí ń wá lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ́dún kan títí di 2024, kò sì rọrùn. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ń múra sílẹ̀, lásìkò tó yẹ kó fi sinmi, torí pé kì í ṣe iṣẹ́ tó ń gba owó oṣù lórí rẹ̀ nìyẹn. Ó ní àwọn tó ń bá a yẹ àdììtú wò kí ayé tó rí i, kí wọ́n lè tọ́ka sí gbólóhùn tó lè ṣi èèyàn lọ́nà. Dátà tí olùkópa kan máa gbà sì lè yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì rẹ̀, nítorí náà kò sí pé mo fẹ́ da ìdáhùn rẹ kọ.

Ìlérí kan wà tí Wastl ṣe fún gbogbo olùkópa tí mo fẹ́ràn gan-an: kò sí àdììtú kan tí kò ní ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà tó ti lo ọdún mẹ́wàá á fi yanjú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 15. Bí kọ̀ǹpútà rẹ bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan láìdáhùn, ọgbọ́n tí o lò ni kí o tún rò, kì í ṣe owó ẹ̀rọ tuntun. Ọmọ tó jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí bátìrì rẹ̀ kò gbé wákàtí kan mọ́ kò rẹlẹ̀ sí ẹni tó wà ní California lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwọ̀nba ètò ló wà nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ro ti ọmọ yẹn mọ́ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọdún 2019 ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ga jù lójú mi. Lọ́jọ́ kejì oṣù Kejìlá, ó ní kí olúkúlùkù fi kóòdù kọ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan tó pè ní Intcode. Ìròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ ni gbogbo ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa gba nọ́ńbà wọlé àti bí yóò ṣe máa fọ̀ ọ́ síta. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó pé. Lọ́jọ́ kẹtàlá, nọ́ńbà gbọọrọ tí wọ́n kó sí i nínú yí padà di géèmù tí bọ́ọ̀lù ń fọ́ búlọ́ọ̀kù nínú rẹ̀, lórí ẹ̀rọ tí olùkópa fúnra rẹ̀ ti ń fi díẹ̀díẹ̀ kọ́ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀ ti mọ̀ ọ́n nígbà yẹn, torí ọwọ́ rẹ̀ ló fi kọ́ ọ.

Pátákó ipò àgbáyé wà pẹ̀lú títí di 2024. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá kọ́kọ́ gba ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ni orúkọ wọn máa ń jáde níbẹ̀ nígbà náà: ẹni àkọ́kọ́ gba máàkì 100, ẹni ìkẹyìn gba ẹyọ kan. Ẹni tó bá fi ìdáhùn tí kò tọ̀nà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú kan kó tó tún gbìyànjú. Fún àwọn tó mọ̀ ọ́n sá, ó dùn bí oyin. Ṣùgbọ́n eré ìdárayá tí ìṣẹ́jú-àáyá ń pinnu kò gba àṣìṣe kankan lọ́wọ́ olùṣètò. Ní 2018, àléébù kan yọjú nínú àdììtú ọjọ́ kẹfà, wọ́n sì fagi lé máàkì ọjọ́ náà fún gbogbo ènìyàn. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kejìlá 2020, èrò ya bo sáfà débi pé kò gbé e fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Máàkì ọjọ́ yẹn náà wọgbó. Ìpinnu méjèèjì tọ́, bó tilẹ̀ dun àwọn tó ti jí lóru.

ChatGPT, ètò AI tó ń fèsì ọ̀rọ̀ tó sì lè kọ kóòdù, jáde lọ́jọ́ tó ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ ètò ọdún 2022. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹnìkan lo GPT-3, AI mìíràn tó jọ ọ́, ó sì gba ipò kìíní fún apá àkọ́kọ́ àdììtú kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10. Kò sí ọmọ ènìyàn tó lè ka ìtàn inú àdììtú tán láàárín àsìkò yẹn. Wastl bẹ àwọn olùkópa pé kí wọ́n má lo AI títí orúkọ 100 ọjọ́ kọ̀ọ̀kan á fi pé. Ọ̀pọ̀ gbọ́, àwọn kan kò gbọ́. Nígbà tó fi máa di 2024, ẹni tó bá ń wo òkè pátákó náà kò mọ orúkọ èwo ni ti ènìyàn mọ́.

Ní 2025, ọkùnrin náà ṣe ohun tí mo rò pé ó gba ìgboyà. Ó yọ pátákó àgbáyé kúrò pátápátá, ó sì dín àdììtú kù sí 12, láti ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kejìlá oṣù. Ó ṣàlàyé pé pátákó náà wà lára ohun tó ń kó wàhálà bá òun àti ẹ̀rọ òun jù. Àwọn kan ti gbé ọ̀rọ̀ eré lé orí débi tí wọ́n fi ń rọ́ èrò ayédèrú lu sáfà kó lè dákú. Ọ̀pọ̀ sì wà tí wọ́n ń rò pé àwọn kò mọṣẹ́, nítorí pé àkókò wọn kò sún mọ́ ti àwọn tó wà lókè. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló kàn mí jù. Ètò tí ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ kí àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ lè mọṣẹ́ sí i ti ń sọ fún ọ̀pọ̀ pé wọn kò já mọ́ nǹkan kan. Bí mo bá wà nípò rẹ̀, èmi náà á yọ ọ́ kúrò.

Pátákó ẹgbẹ́ ṣì wà. Ẹnikẹ́ni lè dá tirẹ̀ sílẹ̀, kó fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kóòdù tí wọ́n á fi wọlé, ó sì lè gba tó 200 ènìyàn. Ilé iṣẹ́, kíláàsì, ìdílé pàápàá ń ṣe é. Ẹni tó bá dá a sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa, mo rọ̀ ọ́ kó to orúkọ ní ìbámu pẹ̀lú iye ìràwọ̀ dípò àkókò, torí àyè rẹ̀ wà. Agogo mẹ́fà àárọ̀, ọ̀pọ̀ wa ti wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀, àwọn mìíràn ń dúró de iná. Ìràwọ̀ kì í ṣá, ẹni tó gbà á ní agogo mọ́kànlá alẹ́ gba ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tó gbà á láàárọ̀. Àdììtú 250 ti ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ àti 12 ti 2025 ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀, wọn kì í gba kọ́bọ̀, kò sì pọn dandan kéèyàn dúró de oṣù Kejìlá kó tó bẹ̀rẹ̀.