Gbọ̀ngàn orin tí iná ogun jó ní Lọ́ńdọ̀nù

Ní ọdún 1893 ni wọ́n ṣí ilé ńlá kan ní Langham Place, ní àárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Queen's Hall ni wọ́n sọ ọ́, èyíinì ni Gbọ̀ngàn Ọbabìnrin. Ó gba nǹkan bí 2 500 ènìyàn. Orin ni wọ́n kọ́ ọ fún.

Láyé ìgbà náà, owó tí a fi ń gbọ́ orin àwọn àgbà olórin Yúróòpù, bí Beethoven àti Wagner, ju agbára ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lọ. Èyí kò tẹ́ Robert Newman, alábòójútó gbọ̀ngàn náà, lọ́rùn. Ó pinnu láti fi orin tí ó rọrùn bẹ̀rẹ̀, kí ó máa gbé èyí tí ó jinlẹ̀ wá díẹ̀díẹ̀, títí etí àwọn ènìyàn yóò fi mọ̀ ọ́n. Bí a ti ń kọ́ àgbàlagbà ní a-b-d kí a tó fún un ní ìwé ìròyìn kà, bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Owó ni kò sí. George Cathcart, dókítà tí ń tọ́jú ọ̀nà ọ̀fun, ni ó gbé owó kalẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àdéhùn kan: kí wọ́n rẹ ohùn àwọn ohun èlò orin sílẹ̀ dé ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Faransé, nítorí pé ìwọ̀n ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ga jù, ó sì ń ni ọ̀fun akọrin lára. Wọ́n gbà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1895, Henry Wood, ọmọ ọdún 26, dúró níwájú àwọn òṣèré láti darí wọn. Ṣílè kan péré ni ẹni tí yóò dúró lórí ẹsẹ̀ san. Ó lè jẹun, ó lè mutí, ó lè fa sìgá. Wọ́n kàn bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe ṣá ìṣáná nígbà tí akọrin bá ń kọrin lọ́wọ́.

Gbèsè wọ Newman lọ́rùn ní ọdún 1902, àwọn ẹlòmíràn sì gba ẹrù náà. Láti ọdún 1927, BBC, ilé iṣẹ́ rédíò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ń gbọ́ bùkátà eré náà, tí ó sì ń gbé e dé etí àwọn tí kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 1941, nígbà ogun Hitler, wọ́n ṣeré níbẹ̀ bí ìṣe wọn. Àwọn òṣèré fi ohun èlò wọn sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ ọjọ́ kejì. Ní òru, àwọn ọkọ̀ òfuurufú Jámánì rọ̀jò bọ́ǹbù oníná sórí ìlú. Ọ̀kan já òrùlé gbọ̀ngàn náà wọlé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ku ògiri àti eérú. Ọ̀pọ̀ gòjé, fèrè àti ìlù ni ó bá a lọ. Nígbà tí ìròyìn náà tàn kálẹ̀, àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í kó gòjé àti fèrè ilé wọn wá fún àwọn òṣèré.

Wọn kò tún gbọ̀ngàn náà kọ́ mọ́. Hótẹ́ẹ̀lì ni wọ́n padà kọ́ sórí ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1941 kan náà, eré ṣí lọ sí Royal Albert Hall, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní, tí àwọn tí owó wọn kò pọ̀ ṣì ń dúró gbọ́ ọ. Ère orí Henry Wood, tí wọ́n yọ láàárín àlàpà Queen's Hall, ni wọ́n máa ń gbé síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ní alẹ́ tí ó kẹ́yìn, wọ́n a fi ẹ̀gbà ewé ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.