ǸJẸ́ OMI TÓ TÒRÒ TI MỌ́ TÁN?

Bí omi inú ife bá rú, kò sí ẹni tí yóò fẹ́ mu ún. Bí ó bá tòrò ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò gbé e mu láìbéèrè. Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, nítorí ohun tí a bá mu ni àwọn ọmọ wa yóò mu.

Asẹ́ oníyanrìn jẹ́ ọ̀nà àtijọ́ kan tí a fi ń mú kí omi tòrò. John Gibb lò ó ní Paisley, ní ilẹ̀ Scotland, ní 1804. Ní 1829, James Simpson ṣe irú rẹ̀ ní London.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Yanrìn kúnná tí ó jìn tó nǹkan bí mítà kan ni a ń dà sórí taàrá. Omi a máa rọra sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 30 láàárín wákàtí kan. Kì í ṣe yanrìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ohun kan tí ó ń yọ̀ a hù sójú yanrìn náà. Àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-tín inú rẹ̀ ni ó ń jẹ kòkòrò àrùn run. Nítorí náà, asẹ́ tuntun lè mú omi tòrò díẹ̀, síbẹ̀ kí ó má tíì lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àrùn.

Bí a ṣe ń dán an wò

Ẹ bu omi tí kò tíì wọ inú asẹ́, kí ẹ sì bu èyí tí ó ti jáde. Ẹ wá ọ̀pá gígùn tí a lè rí inú rẹ̀, tí a ya àmì dúdú sí ìdí rẹ̀. Ẹ máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wò ó láti òkè, títí àmì náà yóò fi fara sin. Bí omi bá ṣe ga tó kí àmì tó pòórá, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe tòrò tó. NTU ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn rírú omi. Asẹ́ tí ó gbó dáadáa lè mú un wá sí ìsàlẹ̀ NTU 1. Ṣùgbọ́n omi tí ó rú púpọ̀ yóò tètè dí asẹ́; ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ silẹ̀. Ẹ má ṣe dán an wò lẹ́ẹ̀kan péré: ẹ tún un ṣe lẹ́yìn òjò ńlá, àti lẹ́yìn tí ẹ bá há ojú yanrìn kúrò.

Ẹ̀kọ́ láti Jámánì

Ní 1892, àrùn onígbá méjì pa ènìyàn tí ó ju 8,600 lọ ní Hamburg. Omi odò Elbe tí a kò sẹ́ ni wọ́n ń mu. Altona, ìlú tí ó fara kàn án, ń bu omi odò kan náà níbi tí ìdọ̀tí Hamburg ti ṣàn dé. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fi yanrìn sẹ́ ẹ, àrùn náà kò sì ràn níbẹ̀ bí ti Hamburg. Nígbà òtútù tí ó tẹ̀ lé e, ó yọjú ní Altona náà. Robert Koch wádìí rẹ̀, ó sì rí i pé òtútù ti ba ọ̀kan nínú àwọn asẹ́ wọn jẹ́.

Ìdí nìyẹn tí Koch fi ní kí wọ́n máa ka kòkòrò inú omi, kí wọ́n má gbára lé ojú lásán. Ojú lè sọ bóyá asẹ́ ń ṣiṣẹ́. Kò lè sọ pé àrùn ti tán. Ẹ sẹ́ omi yín, ẹ dán an wò, lẹ́yìn náà ẹ sè é kí ó hó yaya kí àwọn ọmọ tó mu ún.