Ilé Ta Ni Ìpàdé Kàn?

Bí ẹgbẹ́ Rótárì kan bá ń wá ibòmíràn fún ìpàdé ọ̀sán wọn, àṣà ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Nígbà tí agbẹjọ́rò Paul Harris dá a sílẹ̀ ní Chicago lọ́dún 1905, láti ọ́fíìsì ẹnìkan dé ti ẹlòmíràn ni ìpàdé ń yí. Yíyípo náà ló bí orúkọ ẹgbẹ́.

Ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú a máa pàdé láti ilé dé ilé. Ẹni tí ó kàn ní í filé pọntí, fọ̀nà rokà. Níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti í rí i bí òrùlé rẹ̀ bá ń jò. Òtẹ́ẹ̀lì kò ní irú onílé bẹ́ẹ̀. Olúkúlùkù ní í san owó àwo tirẹ̀. Ẹni tí kò bá rí i san yóò rọra dẹ́kun wíwá, àwọn yòókù a sì rò pé ó rin ìrìn-àjò ni.