Ohun Tó Ń Sùn Nísàlẹ̀ Òkun Kí Ẹja Tó Dé Baṣọ̀run

Láàárọ̀ ní ọjà Baṣọ̀run n'Ìbàdàn, kí oòrùn tó mú, àwọn ìyá ẹlẹ́ja ti ń já páálí ẹja yìnyín. Títọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, kótè wà níbẹ̀, ṣáwá náà ò gbẹ́yìn. Oníbàárà á tẹ ẹja lẹ́yìn wò, á yẹ ojú rẹ̀ wò, á ná an, á sì mú tirẹ̀ lọ. Ìbàdàn jìnnà sí òkun ju 100 kìlómítà lọ, àmọ́ ọ̀nà tí ẹja inú páálí rìn ju ìyẹn lọ fíìfíì. Apá àríwá Yúróòpù, lọ́dọ̀ àwọn ará Nọ́wè àti àwọn aládùúgbò wọn, ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ ṣáwá àti títọ́ọ̀sì wá sí Nàìjíríà.

Kí ni ẹja wọ̀nyí jẹ tí wọ́n fi sanra? Lára oúnjẹ tí ṣáwá fẹ́ràn jù ní òkun Nọ́wè ni ẹ̀dá kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Calanus finmarchicus. Kò gùn ju mílímítà díẹ̀ lọ. Mọ̀lẹ́bí edé ni, ìdílé tí wọ́n ń pè ní copepod ló sì ti wá. Àwọn copepod wà lára àwọn tó pọ̀ jù nínú zooplankton, ìyẹn àwọn ẹranko wẹ́wẹ́ tí ìṣàn omi òkun ń gbé kiri nítorí pé agbára wọn ò ká a. Ewéko wẹ́wẹ́ tó ń hù lójú omi ni ọ̀pọ̀ copepod ń jẹ, ẹja sì ń jẹ àwọn náà. Tí ìgbà òtútù bá wọlé ní àríwá, tí oòrùn ò ràn tó mọ́, ewéko yìí á tán. Kí ó tó tán, Calanus á ti jẹ àjẹyó. Ọ̀rá á ti kún àpò kan nínú ara rẹ̀, débi pé tí a bá gbẹ ara ẹ̀dá náà tí a sì wọ̀n ọ́n, ọ̀rá lè ju ìdajì lọ. Yóò wá rì lọ sísàlẹ̀ ju 500 mítà lọ, nígbà mìíràn ju 1,000 mítà lọ. Ibẹ̀ ni yóò sùn sí fún bí ìdajì ọdún.

Ẹni tó bá ti rí ìgbín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ irú oorun yìí. Ìgbín á wọnú ìkarahun rẹ̀, á fi awọ funfun dí ẹnu rẹ̀, á sì máa retí òjò láìjẹ láìmu. Copepod tó sùn náà kì í jẹun, ìfun rẹ̀ á ṣófo, mímí rẹ̀ á dínkù gan-an, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ mira mọ́. Ọ̀rá tó gbé sára ló ń ná díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù ni yóò fi dàgbà, tí yóò sì fi ṣe ẹyin nígbà tó bá jí. Èyí tó bá lọ sùn láì sanra tó, kò dájú pé yóò jí. Sheina Marshall àti Andrew Orr fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ìgbésí ayé Calanus ní Millport ní Scotland, ìwé tí wọ́n kọ lé e lórí ní 1955 sì wà lára àwọn ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí títí dòní.

Irú oorun yìí wà létíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú. Ooru ni àwọn copepod ibí ń sá fún, kì í ṣe ìgbà òtútù.

Láti Cape Palmas ní ìpẹ̀kun Làìbéríà, gba Ivory Coast àti Gánà kọjá títí dé agbègbè Kútọnu, omi tútù máa ń rú láti ìsàlẹ̀ wá sójú òkun lọ́dọọdún, láti oṣù Keje dé oṣù Kẹsàn-án. Ojú omi tó máa ń gbóná tó ìwọ̀n 28 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì á já wá sísàlẹ̀ 25, ibòmíràn á tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì rẹ̀, tí kò lágbára tó o, máa ń wáyé ní nǹkan bí oṣù Kìíní sí oṣù Kejì. Omi tútù yìí ń gbé èròjà tó ti rì padà wá sókè, ewéko wẹ́wẹ́ á sì hù bo ojú omi. Ìgbà náà ni copepod kan, Calanoides carinatus, tí àwọn onímọ̀ kan ti ń pè ní Calanoides natalis báyìí, ń jáde.

Ìpele méjìlá ni ẹ̀dá yìí ń là kọjá lẹ́yìn tó bá pa tán, ìkejìlá ni àgbà. Ní àsìkò omi tútù, kíákíá ló ń ṣe é: ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ti tó fún ìran kan láti dàgbà, kó yé, kí àwọn ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Bí omi bá wá ń móoru padà, nǹkan á yí. Àwọn tó ti dé ìpele kọkànlá, tó kù díẹ̀ kí wọ́n di àgbà, kò ní dàgbà mọ́. Wọ́n á dúró síbẹ̀, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí 500 sí 1,000 mítà, níbi tí omi ò ti gbóná tó ìwọ̀n 10. Omi etíkun ò jìn tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n ní láti kúrò lórí pèpéle etíkun bọ́ sí agbami. Èyí tí kò bá rí agbami dé, ooru àti ẹja ló máa bá pàdé.

Ní Tema ní Gánà, M. A. Mensah ṣe ìwádìí lórí bí Calanoides ṣe ń bímọ àti bí ó ṣe ń jẹun, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1974. Ní àsìkò omi tútù ọdún 1974 kan náà, D. Petit àti C. Courties ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ létíkun Kóńgò: ibi tí ìpele kọ̀ọ̀kan wà, bí ibẹ̀ ṣe jìn tó, àti iye ìran tó ń jáde kí omi tó tún gbóná. Ohun tó yẹ kó jọ ẹnikẹ́ni lójú nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ni pé nínú òkùnkùn biribiri lọ́hùn-ún, ilẹ̀ ò mọ́ bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ò ṣú, òórùn oúnjẹ ò dé ibẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń jí lásìkò. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ọ̀rá tó ń tán lọ ló ń sọ fún ara pé àkókò tó. Àwọn mìíràn ní aago kan wà nínú ẹ̀dá náà fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo zooplankton ló ń sùn báyìí. Àwọn kan ń yé ẹyin tó nípọn sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, wọ́n á sì kú. Ẹyin ni yóò sùn dípò wọn. Nancy Marcus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ní 1994 pé ẹyin copepod tó ti wà nínú ẹrẹ̀ ju 40 ọdún lọ ní Amẹ́ríkà ṣì pa.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ Calanoides kàn jù ni apẹja. Sardinella aurita, ẹja tó jọ ṣáwá tí àwọn Fante ń fi ọkọ̀ igi pa, máa ń rọ́ wá sétíkun nígbà omi tútù, nítorí pé ìgbà yẹn ni copepod kún omi. Ní 1972 wọ́n kó o lákòójù ní Gánà àti Ivory Coast; nígbà tó fi máa di 1973 ó ti wọ́n bí ojú. Ó pẹ́ kó tó padà. George Wiafe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ Gánà láti 1969 sí 1992 wò, wọ́n sì kọ ọ́ ní 2008 pé zooplankton ibẹ̀ ń dínkù lọ́dọọdún. Wọ́n rí ọwọ́ ooru ojú òkun nínú rẹ̀, wọ́n sì rí ọwọ́ ẹja tó ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú. Ẹ̀dá tó jẹ́ pé àsìkò omi tútù ló ń jí sí wà nínú ewu bí omi tútù bá pẹ́ kó tó dé, tàbí tó dé tí kò tutù tó.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó ṣáwá ránṣẹ́ sí wa. Grégory Beaugrand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2002 pé àwọn copepod omi tútù ń fà sẹ́yìn lọ sí àríwá bí òkun ibẹ̀ ṣe ń móoru, tí àwọn ti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sì ń gba ipò wọn. Oorun tí copepod ń sùn nísàlẹ̀ yìí tilẹ̀ ń ran ojú ọjọ́ lọ́wọ́. Ní 2015, Sigrún Jónasdóttir àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ṣàlàyé pé ọ̀rá tí Calanus ń gbé lọ sísàlẹ̀ ní òkun Àtìláńtíìkì ní káábọ́ọ̀nù púpọ̀ nínú, tí kì í tètè padà sójú afẹ́fẹ́.

Gánà ti ń gbìyànjú láti fún ẹja lásìkò ìsinmi. Ní 2019 wọ́n ti òkun fún àwọn ọlọ́kọ̀ igi láti 15 oṣù Karùn-ún dé 15 oṣù Kẹfà. Ní 2021 wọ́n sún un sí oṣù Keje. Ìgbésẹ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n ẹja tó sinmi ṣì ní láti rí nǹkan jẹ, àfi kí ènìyàn máa ka copepod kó tó mọ̀ bóyá oúnjẹ náà wà. Nàìjíríà ní ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí òkun tirẹ̀ ní Victoria Island l'Ékòó láti 1975. Irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Gánà, kí wọ́n máa fi àwọ̀n wẹ́wẹ́ fa omi léraléra kí wọ́n sì ka ohun tó wà níbẹ̀ fún ogún ọdún ó lé, kò gba ọkọ̀ òkun ńlá. Owó díẹ̀ tí kì í dáwọ́ dúró ló gbà, àti ẹni tó lè fi máíkíróskóòpù mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn copepod. Ó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ láti Badagry dé etíkun Ìlàjẹ, kí wọ́n má sì jẹ́ kó dá.