Táyà ni, pròpẹ́là ni, àbí ẹ́ńjìnnì? Ẹ wádìí ohun tó ń gbọn pickup yín kí ẹ tó náwó

Pickup pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Woolwich àti Thamesmead. Láàárọ̀ kùtù, wọ́n á kó símẹ́ǹtì àti irinṣẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á gba A2016 láti Plumstead lọ sí ọ̀nà Erith, tàbí kí wọ́n bọ́ sórí A2. Ìṣòro kan sì wà tó máa ń dá wọn lágara: ọkọ̀ náà á dákẹ́ jẹ́ẹ́ láàárín àdúgbò, àmọ́ tó bá ti ń sún mọ́ 50 máìlì láàárín wákàtí kan, ó di gìrìgìrì. Wọ́n á ṣe balancing táyà. Ó ń gbọ̀n. Wọ́n á ra táyà tuntun mẹ́rin. Ó ṣì ń gbọ̀n. Owó ti lọ, ọkọ̀ ò gbọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé gbígbọ̀n ṣeé kà. Gbogbo nǹkan tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀ ló ní bó ṣe ń yára yí sí. Tí ẹ bá mọ iye ìgbà tí ọkọ̀ ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ohun tó ń fà á. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan là ń pè ní hertz kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Táyà 265/65R17, tí ọ̀pọ̀ pickup ń lò, máa ń rin nǹkan bíi mítà 2.44 tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ní 50 máìlì, ọkọ̀ ń rin mítà 22 àti díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ pín in, ẹ ó rí i pé táyà ń yí ní ìgbà 9. Nítorí náà, táyà tí kò balance, tàbí ríìmù tó ti wọ́, á máa gbọn ọkọ̀ ní nǹkan bíi 9 hertz. Tó bá jẹ́ ti iwájú, sítíárì ló sábà máa ń gbọ̀n lọ́wọ́ yín; tó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn, ìdí yín lórí àga ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ nítòsí 50 ló ń bẹ̀rẹ̀? Ẹ rántí Millennium Bridge, afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ṣí lórí odò Thames ní June 2000. Ìṣísẹ̀ àwọn tó ń rìn bá bí afárá náà fúnra rẹ̀ ṣe ń mì mu, ló bá ń fì sọ́tùn-ún sósì. Ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta ni wọ́n tì í, ó sì di 2002 kí wọ́n tó tún un ṣí. Bí ọkọ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Táyà àti ásù orí síprín ní iye tó wù wọ́n láti máa fi gbọ̀n, tó sábà máa ń ju 10 hertz lọ díẹ̀. Tí yíyí táyà bá ti sún mọ́ iye yẹn, àbùkù kékeré á di ńlá. Nígbà míì, tí ẹ bá kọjá 60, ó tún máa ń rọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pròpẹ́là yàtọ̀. Irin gígùn tó ń gbé agbára láti jíà lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ làwọn mẹkáníìkì ilé ń pè bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá dé gáréèjì níbí, ẹ sọ pé propshaft. Nínú ọ̀pọ̀ pickup, ó máa ń yí ní nǹkan bí ìgbà 4 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ní 50, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ìgbà 36. Tí pròpẹ́là fúnra rẹ̀ bá wọ́, nǹkan bíi 36 hertz lẹ máa rí.

Àmọ́ kúrọ́ọ̀sì tó so ó pọ̀ máa ń ṣe ìlọ́po méjì. Robert Hooke, ọ̀mọ̀wé ará London ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, kọ̀wé nípa irú jọ́ìntì yìí, orúkọ rẹ̀ ló sì ń jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì títí dòní. Tí irin méjèèjì tó so pọ̀ ò bá wà lórí ìlà kan, èyí tó wà níwájú á máa yí geere, tẹ̀yìn á yára lẹ́ẹ̀mejì, á sì fà lẹ́ẹ̀mejì nínú yíyí kan ṣoṣo. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 73 hertz. Kì í ṣe gìrìgìrì mọ́, ó ń kùn bí oyin ni. Ẹrù sì kàn án o: tí síprín ẹ̀yìn bá tẹ̀ wálẹ̀, ìdagun pròpẹ́là á yí padà. Ọkọ̀ tó ń kùn nígbà tó bá rù símẹ́ǹtì nìkan, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe táyà.

Ẹ́ńjìnnì lè tan yín jẹ o. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tó ń yí ní ìgbà 2,000 láàárín ìṣẹ́jú kan ń gbọ̀n ní nǹkan bíi 67 hertz, ó sì sún mọ́ 73 gan-an. Ẹ dúró sí 50, kí ẹ wá yí jíà padà. Tí kíkùn náà ò bá yí padà, ẹ́ńjìnnì kọ́. Tó bá tẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì, ẹ wo ẹ́ńjìnnì síìtì, ìyẹn rọ́bà tó gbé e jókòó.

Báwo lẹ ṣe máa kà á? Fóònù yín ti ní ohun tó ń mọ gbígbọ̀n nínú. Phyphox, áàpù ọ̀fẹ́ tí yunifásítì RWTH Aachen ní Jámánì ṣe, lè ya gbígbọ̀n náà sí hertz. Ẹ fi fóònù lélẹ̀ dáadáa lórí ilẹ̀ ọkọ̀, kí ẹni tó jókòó tì yín máa wò ó. Òfin ilẹ̀ yìí ò gba awakọ̀ láyè láti mú fóònù lọ́wọ́.

Ẹ má sì sọ pé ọkọ̀ ti yege MOT. Ẹni tó ń ṣe MOT kì í tú ọkọ̀ palẹ̀. Kúrọ́ọ̀sì tó bá já lórí eré lè mú kí pròpẹ́là já bọ́ sórí títì. Tí mẹkáníìkì bá ti gbé ọkọ̀ sókè, ẹ ní kó wo ìdọ̀tí pupa bí ìpẹtà yí kúrọ́ọ̀sì ká, àti bóyá rọ́bà bẹ́rìn àárín ti ya. Kó tó tú pròpẹ́là, kó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ìkángun méjèèjì ti pàdé, torí tó bá dá a padà sódì, ọkọ̀ tí kò kùn tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.